Gáàsì CO2 àti áyódìn: bí a ṣe ń yan oògùn àfihàn fún iṣan ẹ̀dọ̀

Oògùn àfihàn ni ohun tí à ń tú sínú iṣan kó lè hàn lábẹ́ ẹ́ksíréè; gáàsì CO2 àti oògùn tó ní áyódìn ni méjì tí à ń lò jù fún iṣan ẹ̀dọ̀. Ìbéèrè tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ẹ̀dọ̀ pẹ̀lú kátẹ́tà, rọ́bà tóóró tí à ń tì gba inú iṣan, máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Èwo ló dára jù nínú àwọn oògùn àfihàn wọ̀nyí?" Ìbéèrè yẹn kò tíì pé. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ bi ara wa ni pé: iṣan wo la fẹ́ rí, ọ̀nà wo sì ni oògùn máa gbà débẹ̀? Ẹni tó bá ti dáhùn èyí ti yan oògùn rẹ̀ dé ìdajì. Ìdajì tó kù wà lọ́wọ́ kíndìnrín, ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn ẹni tó dùbúlẹ̀ sórí tábìlì.

Mo kọ èyí fún àwọn dókítà, onímọ̀ ẹ́ksíréè àti nọ́ọ̀sì tó ń wọ yàrá yẹn, àti fún ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún èèyàn rẹ̀ tó sì fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Iye àgbàlagbà ni gbogbo iye tí mo bá dá. Níbi tí ìlànà ẹ̀ka yín bá ti yàtọ̀ sí i, ìlànà ẹ̀ka yín ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ iṣan tí ẹ ń wá

Ọ̀nà méjì ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ ẹ̀dọ̀. Iṣan pọ́tà, tó ń kó ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ìfun àti ọlọ inú, ló ń gbé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wá. Iṣan tó ń ti ọ̀dọ̀ ọkàn bọ̀ ló ń gbé ìyókù. Ẹ̀jẹ̀ méjèèjì á pàdé nínú àwọn ihò tóóró tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, lẹ́yìn náà á bọ́ sínú àwọn hepatic vein, tí màá máa pè ní iṣan ìjáde: ti ọ̀tún, ti àárín àti ti òsì. Ti àárín àti ti òsì sábà máa ń pa pọ̀ kí wọ́n tó dé vena cava, iṣan ńlá tó ń kó ẹ̀jẹ̀ ìsàlẹ̀ ara lọ sínú ọkàn. Àwọn kan tún ní iṣan ìjáde kékeré kan nísàlẹ̀ apá ọ̀tún. Iṣan kékeré yìí ló máa ń gba ẹ̀dọ̀ là nígbà tí àwọn mẹ́ta yòókù bá ti dí.

Ẹ wá wo TIPS, iṣẹ́ tí wọ́n fi ń la ọ̀nà láti iṣan pọ́tà bọ́ sínú iṣan ìjáde, kí ìfúnpá lè rọlẹ̀ lára ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le. Wọ́n á gba iṣan ọrùn ọ̀tún wọlé, wọ́n á gba inú yàrá ọ̀tún ọkàn kọjá, wọ́n á dé iṣan ìjáde ọ̀tún, láti ibẹ̀ ni wọ́n á ti gún ẹran ẹ̀dọ̀ títí abẹ́rẹ́ á fi bọ́ sínú iṣan pọ́tà. Ibi tí ìṣòro wà nìyí: kátẹ́tà wà nínú iṣan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń jáde, iṣan tí abẹ́rẹ́ ń lépa sì wà lódìkejì ẹran ẹ̀dọ̀, ẹ́ksíréè lásán kò sì lè fi í hàn. Oògùn tí ẹ bá tú sínú iṣan ìjáde báyẹn á bá ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọkàn, kò ní dé ọ̀dọ̀ iṣan pọ́tà rárá. Àfi kí ẹ fi kátẹ́tà tàbí bàlúùn dí ojú iṣan ìjáde náà, kí ẹ sì fi sùúrù ti oògùn sẹ́yìn gba inú àwọn ihò tóóró wọ̀nyẹn.

Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè oògùn, ẹ sọ ọ́ jáde fún gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá: ṣé ìrísí iṣan ìjáde fúnra rẹ̀ lẹ fẹ́ rí, bíi nínú àìsàn Budd-Chiari, níbi tí iṣan ìjáde ti dí? Ṣé ìfúnpá lẹ fẹ́ wọ̀n? Ṣé iṣan pọ́tà lẹ ń wá láti ẹ̀yìn? Àbí ẹ ti wà nínú iṣan pọ́tà, tí ẹ fẹ́ mọ gígùn sítẹ́ǹtì, ọ̀pá oníhò tó máa mú kí ọ̀nà náà wà ní ṣíṣí? Ìdáhùn àwọn ìbéèrè yìí kì í ṣe oògùn kan náà, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé oògùn méjì lẹ máa lò lára ẹni kan lọ́jọ́ kan náà.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wo ẹni tó wà lórí tábìlì

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kíndìnrín. Àwọn tí eGFR wọn, ìwọ̀n bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, kò tó 30, tàbí tí kíndìnrín wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́, ni áyódìn lè pa lára jù. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé creatinine, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, nìkan lára ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le. Inú iṣu ẹran ara ni creatinine ti ń wá, ara irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì ti gbẹ. Creatinine rẹ̀ lè dára lójú ìwé nígbà tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń rẹ̀yìn. Tí ẹ bá lè rí cystatin C, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mìíràn fún kíndìnrín, ẹ béèrè rẹ̀. Tí wọ́n bá fa omi inú ikùn rẹ̀ tó ju lítà márùn-ún lọ ṣáájú iṣẹ́, ẹ rí i pé wọ́n fún un ní albumin, gíráàmù 6 sí 8 fún lítà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fà, nítorí kíndìnrín tí ẹ̀jẹ̀ kò dé dáadáa kò ní lè fara da oògùn kankan.

Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè bóyá oògùn àfihàn ti bá a jà rí. Ẹni tí ara rẹ̀ yún, tó wú tàbí tí èémí rẹ̀ há lẹ́yìn oògùn áyódìn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti eré. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé ni prednisone 50 mg ní wákàtí 13, wákàtí 7 àti wákàtí 1 ṣáájú iṣẹ́, pẹ̀lú diphenhydramine 50 mg ní wákàtí 1 ṣáájú. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lẹ́nu rẹ̀ lóru kò ní wákàtí 13 láti dúró, gáàsì CO2 sì ni mo máa kọ́kọ́ rò fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí ara kì í kọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni torí pé edé tàbí akàn kì í bá ẹnì kan lára mu gba áyódìn lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ń fa ti edé yàtọ̀ pátápátá sí ohun tó ń fa ti oògùn yìí.

Ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn ló kàn, ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń gbàgbé. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń yọ CO2 kúrò lára. Tí ihò bá wà láàárín yàrá ọ̀tún àti yàrá òsì ọkàn, gáàsì lè gba ibẹ̀ bọ́ sí ọ̀nà ọpọlọ. Ìfúnpá tó ga gan-an nínú iṣan ẹ̀dọ̀fóró àti àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó le jẹ́ ìdí mìíràn láti fà sẹ́yìn. Àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ti le tún ní ìṣòro tiwọn: ara àwọn kan nínú wọn máa ń la ọ̀nà àbùjá sínú ẹ̀dọ̀fóró, tí ẹ̀jẹ̀ á máa gba ibẹ̀ kọjá láì jẹ́ pé ẹ̀dọ̀fóró yọ gáàsì inú rẹ̀. Ìwé echo ọkàn onífóòmù, ọ̀tírásáǹdì ọkàn tí wọ́n ń fi èéhó wẹ́wẹ́ ṣe, máa ń sọ èyí: tí fóòmù bá dé apá òsì ọkàn láàárín ìlùkìkì mẹ́ta àkọ́kọ́, inú ọkàn ni ihò wà, tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn, nínú ẹ̀dọ̀fóró ni. Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ ṣe TIPS ti ṣe echo kí wọ́n tó gbà á fún iṣẹ́. Ẹ wá ìwé náà, kí ẹ kà á fúnra yín.

Ẹ sọ fún dókítà akunilóorun pé ẹ fẹ́ lo CO2, kó má ṣe lo nitrous oxide. Gáàsì yẹn á wọ inú èéhó CO2, á sì mú kó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mọ ohun tó wà nínú ìgò áyódìn

Gbogbo ìgò tó ní áyódìn kọ́ ló rí bákan náà, nọ́ńbà ara rẹ̀ ló sì ń sọ ọ̀rọ̀. Iohexol 300 ní áyódìn 300 mg nínú mL kan. Osmolality rẹ̀, ìwọ̀n bí èròjà inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó nínú omi, jẹ́ 672, ti ẹ̀jẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 290. Iodixanol 320 bá ti ẹ̀jẹ̀ mu ní 290, ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń yàn án fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ki tó: ní 20°C, iohexol 300 jẹ́ 11.8 cP (ìwọ̀n kíki), iodixanol 320 jẹ́ 26.6. Ẹ gbé méjèèjì sínú ẹ̀rọ amóoògùn-gbóná títí dé 37°C, ti àkọ́kọ́ á wá sí 6.3, ti ìkejì á wá sí 11.8. Ìyàtọ̀ yẹn hàn lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ọwọ́ ti síríǹjì gba kátẹ́tà tóóró. Ẹ máa mú un gbóná.

Ibi tí áyódìn ti kọjá gbogbo oògùn yòókù ni fífi ìrísí iṣan hàn. Ó máa ń kún inú iṣan láti etí dé etí, kì í léfòó, kì í já sí wẹ́wẹ́. Nínú Budd-Chiari, àwọn iṣan wẹ́wẹ́ tó ń wá ọ̀nà àbùjá máa ń yọ bí okùn aláǹtakùn, áyódìn ló sì ń fi okùn yẹn hàn ketekete. Awọ tó dí ẹnu iṣan ìjáde tàbí vena cava, gígùn rẹ̀ àti fífẹ̀ ibi tó kù, áyódìn ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Ibi tó ti kùnà ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń fi ipá lò ó: títì í sẹ́yìn láti iṣan ìjáde tó dí, kó lè fi iṣan pọ́tà hàn. Ó ki jù fún àwọn ihò yẹn. Ẹ fi oyin dà sórí òrùlé koríko, òkè ló máa dúró sí. Ẹ dáná sábẹ́ òrùlé yẹn, èéfín á gba gbogbo ihò rẹ̀ jáde. Tí ẹ bá fi ipá ti áyódìn, á dúró sínú ẹran ẹ̀dọ̀ bí àbàwọ́n, àbàwọ́n náà á sì bo gbogbo àwòrán tí ẹ bá yà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé ipá yẹn lè fa awọ tó bo ẹ̀dọ̀ ya, kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sínú ikùn.

Ìgbésẹ̀ 4: Ìdí tí gáàsì CO2 fi ń ṣiṣẹ́

Kíki CO2 kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú 400 ti oògùn áyódìn lọ. Òun ni èéfín inú àfiwé yẹn. Ó ń gba inú àwọn ihò tóóró kọjá sẹ́yìn, ó sì ń bọ́ sínú iṣan pọ́tà láì nílò ipá. Ó tún ń yọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 20 ju ọ́síjìn lọ, ẹ̀dọ̀fóró sì ń mí i síta nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò ṣe kíndìnrín ní nǹkan kan. Kò ní ìwọ̀n àpapọ̀ kan tí ẹ gbọ́dọ̀ dúró sí, tí ẹ bá ṣáà ti fún ẹ̀dọ̀fóró láàyè láàárín ìfúnni kan sí èkejì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Irvin Hawkins ti Yunifásítì Florida ló sọ lílo gáàsì yìí nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ di iṣẹ́ gidi. Ní 1971, afẹ́fẹ́ lásán tó 70 mL ṣèèṣì wọ iṣan inú ikùn aláìsàn kan. Aláìsàn náà kò ní ìpalára, àwòrán náà sì fi iṣan hàn. Láti inú ìyẹn ni ó ti ronú dé ọ̀dọ̀ CO2, tó ń yọ́ nínú ẹ̀jẹ̀, tí afẹ́fẹ́ kì í yọ́ bẹ́ẹ̀. Mo sọ ìtàn yìí nítorí pé ìyàtọ̀ láàárín CO2 àti afẹ́fẹ́ ni gbogbo ewu inú ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e dá lé.

Ìgbésẹ̀ 5: Pípèsè gáàsì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe kánjú níbí. CO2 kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Tí afẹ́fẹ́ bá dà pọ̀ mọ́ ọn nínú síríǹjì, ojú kò lè mọ̀ ọ́n, imú kò lè gbọ́ ọ. Àfi kí ọwọ́ tẹ̀ lé ìlànà láì fo ìkankan.

Gáàsì tó mọ́ fún ìṣègùn ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ mìíràn. Ẹ kò gbọ́dọ̀ so sílíńdà mọ́ kátẹ́tà tààrà láéláé. Ìfúnpá inú sílíńdà CO2 tó wà ní 20°C jẹ́ nǹkan bí 57 bar. Ẹnu kọ́ọ̀kì tó bá ṣí sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lè tú gáàsì tó pọ̀ sínú aláìsàn. Ohun tí à ń fẹ́ ni kí gáàsì kọ́kọ́ bọ́ sínú àpò ike tí kò ní ìfúnpá, kó tó dé síríǹjì. Àwọn ẹ̀rọ kékeré tó ń fúnni ní ìwọ̀n pàtó náà wà, wọ́n sì dára.

Ẹ kún àpò náà pẹ̀lú CO2, kí ẹ tú u dànù pátápátá. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó gbà pé afẹ́fẹ́ ti jáde. Ẹ so àwọn rọ́bà pẹ̀lú fáàfù tó ń gbà síwájú nìkan, kí ẹ fi ọwọ́ dán gbogbo ojú ìsopọ̀ wò pé ó le. Tí ẹ bá ti fa gáàsì sínú síríǹjì, ẹ má ṣe gbé e sílẹ̀ ní ṣíṣí sórí tábìlì. CO2 wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po kan àtààbọ̀, ṣùgbọ́n èyí kò ní kí afẹ́fẹ́ má wọlé díẹ̀díẹ̀. Síríǹjì tí ẹnikẹ́ni kò bá dájú bó ṣe pẹ́ tó tó ti wà níbẹ̀, ẹ tú u dànù, kí ẹ fa òmíràn. Gáàsì kò wọ́n tó ẹ̀mí.

Ẹ kọ "CO2" sára síríǹjì náà. Tábìlì iṣẹ́ máa ń ní síríǹjì omi iyọ̀, ti áyódìn àti ti oògùn akunilóorun. Èyí tó dà bí ẹni pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbé fún iṣẹ́ mìíràn.

Ìgbésẹ̀ 6: Lórí tábìlì

Ìfúnpá ló ṣáájú, oògùn ló tẹ̀ lé e. Ẹ wọn ìfúnpá iṣan ìjáde nígbà tó ṣí sílẹ̀, ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2 sí 4 sí ibi tó ti wọ vena cava. Kò yẹ kó fi ju 2 mmHg lọ yàtọ̀ sí ti vena cava níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fẹ bàlúùn, ẹ dúró kí ìlà orí ẹ̀rọ tòrò fún ó kéré tán ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì wọn ìfúnpá ibi tó dí. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyàtọ̀ méjèèjì ni HVPG: 1 sí 5 mmHg ni ti ẹni tí ara rẹ̀ dá, 10 sókè ń sọ pé ìfúnpá iṣan pọ́tà ti di ìṣòro, láti 12 sókè ni àwọn iṣan tó wú lọ́nà ọ̀fun ti lè bẹ́.

Ìgbà tí ìfúnpá bá ti wọlé sínú ìwé ni kí ẹ fi áyódìn mL 5 wọlé rọra, kí bàlúùn ṣì wà ní fífẹ̀, láti mọ̀ bóyá ó dí iṣan náà lóòótọ́. Tí áyódìn bá ń yọ gba ẹ̀gbẹ́ bàlúùn kọjá, tàbí tó ń gba ọ̀nà àbùjá bọ́ sínú iṣan ìjáde mìíràn, nọ́ńbà tí ẹ wọ̀n kéré ju òótọ́ lọ. Ẹni tí áyódìn bá léèwọ̀ fún, ẹ fi CO2 ṣe é.

Ó wá kan iṣan pọ́tà. Ẹ yan ibi tí ẹ máa dí dáadáa. Ó wù mí kí ó jẹ́ bàlúùn nínú iṣan ìjáde ọ̀tún, níbi tó ti fẹ̀ díẹ̀, nítorí bàlúùn máa ń pín ipá náà káàkiri ẹran ẹ̀dọ̀ tó pọ̀. Kátẹ́tà tí a tì títí tó fi há sínú iṣan wẹ́wẹ́ lẹ́bàá awọ ẹ̀dọ̀ ń kó gbogbo ipá sí ojú kan ṣoṣo. Ẹ̀dọ̀ tó ti le sì ti sún kì, awọ rẹ̀ sì sún mọ́ orí kátẹ́tà ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ya lẹ́yìn irú iṣẹ́ yìí wà nínú àkọsílẹ̀ ìṣègùn, àwọn kan sì bá a lọ. CO2 dín ewu yẹn kù, kò pa á rẹ́.

Inú kátẹ́tà ṣì kún fún ẹ̀jẹ̀ tàbí omi iyọ̀. Ẹ fi CO2 mL 3 sí 5 ti omi yẹn jáde ná. Tí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, gáàsì á fún pọ̀ lẹ́yìn omi, lẹ́yìn náà á bú jáde lójijì, ìbújáde yẹn sì ni ó ń ya ẹran ẹ̀dọ̀.

Ẹ sọ fún aláìsàn pé kó dá èémí dúró, tàbí kí dókítà akunilóorun dá a dúró fún un. Ẹ bẹ̀rẹ̀ àwòrán kí gáàsì tó wọlé, ní àwòrán 4 sí 6 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, lórí ètò tó ń yọ àwòrán egungun kúrò. Ẹ fi ọwọ́ ti CO2 mL 20 sí 40, rọra, láì dúró láàárín, fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan. Ọwọ́ yín á gbọ́ ọ tí ó bá ń kọ̀. Tó bá kọ̀, ẹ má ṣe fi ipá kún un. Ẹ dá a dúró, kí ẹ fa kátẹ́tà sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ tún ibi tó dí wò.

Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 2 sí 3 kí ẹ tó tún fún un. Kò yẹ kí ìfúnni kan kọjá 100 mL, iṣẹ́ yìí kì í sì í nílò tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo àkókò yìí, nọ́ọ̀sì tàbí dókítà akunilóorun á máa wo ọ́síjìn, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti ìlùkìkì ọkàn.

Ìgbésẹ̀ 7: Kíka àwòrán gáàsì

Áyódìn ń dì dúdú lórí àwòrán, CO2 ń yọ funfun. Ẹ lè yí i padà lórí ẹ̀rọ. Ìfun tó ń yí àti èémí tó ń jáde ló ń ba àwòrán gáàsì jẹ́ jù. Glucagon 1 mg lè dá ìfun dúró fún ìgbà díẹ̀, bí kò bá sí ohun tó sọ ọ́ di èèwọ̀ fún aláìsàn. Ètò inú ẹ̀rọ tó ń to àwọn àwòrán léra tún wúlò, nítorí gáàsì lè já sí wẹ́wẹ́, kí apá kan yọ nínú àwòrán kan, kí apá kejì yọ nínú òmíràn.

Ẹ rántí pé gáàsì ń léfòó. Níbi tí aláìsàn bá ti sùn gbalaja, ẹ̀ka òsì iṣan pọ́tà, tó wà níwájú, á kún dáadáa, ẹ̀ka tó wà lẹ́yìn lè má kún. Ẹ má ṣe pe ẹ̀ka tí kò yọ ní ẹ̀ka tó dí. Iṣan tí gáàsì kò kún tún máa ń dà bíi pé ó tóóró ju bó ṣe rí lọ, nítorí náà ẹ má ṣe fi CO2 nìkan yan bí sítẹ́ǹtì ṣe máa tóbi tó.

Ẹ ya àwòrán láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́. Láti iwájú nìkan, kò rọrùn láti mọ̀ bóyá iṣan ìjáde ọ̀tún lẹ wà tàbí ti àárín, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀nà abẹ́rẹ́ ti ń yà: láti ti ọ̀tún, iwájú ni abẹ́rẹ́ ń kọjú sí kó tó rí ẹ̀ka ọ̀tún iṣan pọ́tà, láti ti àárín, ẹ̀yìn ni. Ẹ sàmì sórí ẹ̀rọ níbi tí iṣan pọ́tà ti pín sí méjì, kí ẹ sì yẹra fún un. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ìta awọ ẹ̀dọ̀ ni ojú ìpín yẹn wà, abẹ́rẹ́ tó bá gún un níbẹ̀ lè tú ẹ̀jẹ̀ sínú ikùn.

Tí abẹ́rẹ́ bá ti bọ́ sínú nǹkan, áyódìn ló kàn báyìí. mL díẹ̀ tí ẹ fi omi iyọ̀ là ti tó láti mọ ibi tí ẹ wà: iṣan pọ́tà á gbé e rọra lọ sí etí ẹ̀dọ̀, iṣan tó ń ti ọ̀dọ̀ ọkàn bọ̀ á gbé e lọ kíákíá, ọ̀nà òróòro á dúró sójú kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé kátẹ́tà tó ní àmì sẹ̀ǹtímítà wọ iṣan pọ́tà, kí ẹ ya àwòrán pẹ̀lú áyódìn nǹkan bí 20 sí 30 mL, kí ẹ fi yan gígùn sítẹ́ǹtì. Ibí yìí ni mo máa ń tọ́jú áyódìn pamọ́ fún lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára. Ẹni tó ti fi 60 mL ṣòfò lórí wíwá iṣan pọ́tà láti ẹ̀yìn kò ní í ní àyè fún un mọ́ níbi tó ti ṣe pàtàkì jù.

Nígbà tí gáàsì bá há

Lára ẹni tí gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, èéhó CO2 á ti yọ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30. Tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá já lulẹ̀ tàbí tí ọ́síjìn bá ń lọ sílẹ̀ lẹ́yìn ìfúnni, ẹ gbé ẹ̀rọ ẹ́ksíréè lọ sórí àyà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ wo bóyá gáàsì há sínú ọkàn tàbí iṣan ẹ̀dọ̀fóró. Tí èéhó bá dúró ju ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ, ẹ fura sí afẹ́fẹ́. Ẹ dá ìfúnni dúró, ẹ yí aláìsàn sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ rẹ orí tábìlì sílẹ̀, ẹ fún un ní ọ́síjìn, kí ẹ sì gbé kátẹ́tà lọ síbẹ̀ láti fa gáàsì náà jáde. Ẹ má ṣe tún lo àpò gáàsì yẹn mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ti áyódìn yàtọ̀: tí ọ̀fun bá ń dí tàbí tí ìfúnpá bá já pẹ̀lú ara yíyún, adrenaline 0.3 sí 0.5 mg sínú iṣu ẹran itan ló ṣáájú gbogbo oògùn mìíràn. Kí ó wà lórí tábìlì, kì í ṣe nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Àwọn yòókù

Wọ́n ti lo gadolinium rọ́pò áyódìn lábẹ́ ẹ́ksíréè rí. Mi ò dámọ̀ràn rẹ̀. Ó máa ń hàn fẹ́ẹ́rẹ́, ìwọ̀n tó máa hàn dáadáa sì pọ̀ ju èyí tí kíndìnrín tó ti rẹ̀ lè gbé lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn wọ̀nyẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ lò ó fún. Láti 2006 ni ó ti hàn pé ó lè mú awọ ara àti ẹran inú ara le gbagidi lára àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀. Inú MRI ni ààyè rẹ̀ wà.

Èéhó kéékèèké tó wà fún ọ̀tírásáǹdì, bíi SonoVue tí wọ́n ń pè ní Lumason ní Amẹ́ríkà, jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Gáàsì sulfur hexafluoride ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ló ń mí i jáde, kò sì kan kíndìnrín. mL 2.4 ni wọ́n sábà máa ń fún àgbàlagbà fún ẹ̀dọ̀. Ó dára fún mímọ̀ bóyá iṣan pọ́tà dí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, àti bóyá ẹ̀jẹ̀ ń jò lẹ́yìn rẹ̀. Kò lè rọ́pò àwòrán tó ń darí abẹ́rẹ́ lára ẹni tó sanra tàbí tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sá sábẹ́ egungun ìhà.

Lipiodol, òróró tó ní áyódìn, kì í ṣe oògùn fún yíya àwòrán iṣan yìí. Ẹ máa rí i lórí tábìlì nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi gọ́ọ̀mù dí àwọn iṣan tó wú, nítorí gọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ kì í hàn lábẹ́ ẹ́ksíréè.

Lẹ́yìn iṣẹ́

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: oògùn wo, mL mélòó, iṣan ìjáde wo lẹ dí, ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ fún un ní gáàsì. Ẹni tó bá gba áyódìn, ẹ yẹ creatinine rẹ̀ wò láàárín wákàtí 48. Tó bá fi 0.3 mg/dL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ga sí i, ẹ pe àwọn oníṣẹ́ kíndìnrín, kí ẹ má sì fún un ní oògùn ara ríro bí ibuprofen. Ẹni tí ikùn rẹ̀ bá ń wú tàbí tó ń dùn ún sí i lẹ́yìn tí ẹ ti ti oògùn sẹ́yìn, ẹ wo ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kíákíá, kí ẹ ya àwòrán ikùn, kódà tó bá jẹ́ CO2 nìkan lẹ lò.

Tí sítẹ́ǹtì aláṣọ bá ti wà níbẹ̀, ẹ má ṣe bẹ̀rù tí ọ̀tírásáǹdì ọjọ́ kejì kò bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú aṣọ sítẹ́ǹtì ló ń dí ìró ẹ̀rọ lọ́wọ́, ó sì máa ń gba ọjọ́ mélòó kan kó tó tán. Ẹ tún un wò lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, àfi tí àmì bá wà lára aláìsàn pé ó dí lóòótọ́, nígbà náà inú yàrá iṣẹ́ ni kí ẹ ti padà lọ wò ó.